Ẹ Bi Aǹtí Nọ́ọ̀sì: Tí wọn ò bá fi abẹ ṣe é, ṣé kò wá léwu náà nìyẹn?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ nípa kí obìnrin so túùbù, ìyẹn ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, ni lẹ́tà ti ń wọlé ṣáá, ti ilé, ti òkè òkun, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń béèrè pé ṣé kò sí èyí tí wọn ò ní fi abẹ kan ara rárá, téèyàn á fi dáwọ́ ọmọ bíbí dúró pátápátá, tí kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèyàn lẹ́nu lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Mo mú díẹ̀ nínú wọn, mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ gbogbo wọn kúrò.

Ìbéèrè: Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mò ń gbé, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Lọ́dún 2012, lẹ́yìn àbígbẹ̀yìn mi, dókítà fi nǹkan kékeré kan bíi sípíríǹgì sínú túùbù mi méjèèjì, ó ní kò sí abẹ ńbẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni mo sì lọ sílé. Láti bí ọdún mẹ́ta báyìí nǹkan oṣù mi ń ya bí omi, ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí, oríkèé ara ń ro mí. Dókítà tí mò ń lò báyìí ní ó lè jẹ́ fáíbírọ́ìdì. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n lọ yọ ọ́ kíákíá torí ó ti pa àwọn kan. Wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe MRI, ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń ya inú ara, fún ẹ̀yìn, ẹ̀rù sì ń bà mí torí irin tó wà lára mi. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Houston

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, Essure ni wọ́n fi sí yín lára. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe jẹ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n fi sí lára ni ò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún.

Kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Irin tó wà níta ẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ níkẹ́ẹ̀lì àti titanium, ti inú jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, wọ́n wá fi fáìbà pólísítà, irú èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ, sáàárín wọn. Dókítà máa ń gba ojú ara wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín, á kọjá lẹ́nu ilé ọmọ, á wá ti ọ̀kan sí túùbù ọ̀tún, ọ̀kan sí tòsì. Fáìbà yẹn ló máa bí ara nínú, ara á wá hu àpá yí i ká, àpá yẹn ló sì máa dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe irin yẹn fúnra ẹ̀ ló ń dínà, ìbínú ara wa ló ń lò. Oṣù mẹ́ta lobìnrin gbọ́dọ̀ fi dúró kó ṣì máa lo ọ̀nà míì, kó tó padà lọ kí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ sí i ya èksréè, kí wọ́n lè rí i pé ó ti dí lóòótọ́. Ṣé wọ́n ya èksréè yẹn fún yín? Ẹ ronú dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ni ò padà lọ.

Oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni FDA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Ìwádìí tí wọ́n wò nígbà yẹn, ọdún kan sí méjì péré ni wọ́n fi tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin inú ẹ̀. Ohun tó máa wà lára èèyàn títí tó fi máa wọ sàréè, ọdún kan sí méjì! Níbi tọ́rọ̀ ti ń dùn mí nìyẹn, mi ò sì lè fi pa mọ́ fún yín. Nígbà tọ́dún ń gorí ọdún làwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tí ò lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, irin tó lu túùbù tàbí ilé ọmọ jáde, èyí tó kúrò láyè ẹ̀ tó lọ bá inú ikùn, ara tí ń yún, àwọn míì sì lóyún sórí ẹ̀. Lọ́dún 2015, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ New York: nínú àwọn tó lo Essure, 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún padà lọ fún iṣẹ́ abẹ míì láàárín ọdún kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.2 ni láàárín àwọn tí wọ́n fi abẹ so túùbù wọn. Ẹ ò rí nǹkan, èyí tí wọ́n ní kò lábẹ ló wá ń gbé èèyàn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì abẹ ju èyí tó lábẹ lọ.

Lọ́dún 2016 FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára ẹ̀. Lọ́dún 2017 ó kúrò lọ́jà ní gbogbo ibi yòókù láyé, Amẹ́ríkà nìkan ló kù, nígbà tó sì fi máa di ìparí 2018 Bayer, kàǹpánì tó ń tà á, ti dáwọ́ títà ẹ̀ dúró níbẹ̀ náà. Wọ́n ní ọjà ò yá mọ́ ni, pé kì í ṣe torí ewu. Lọ́dún 2020 wọ́n gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ àwọn obìnrin tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì. Gbogbo èyí tí wọ́n sì ti tà kárí ayé ju 750,000 lọ, torí náà ẹ̀yin nìkan kọ́.

Ó yá, tiyín wá ńkọ́. Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù lé yín lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́ làwọn èèyàn ti fi ọ̀rọ̀ ikú sùn FDA, ṣùgbọ́n pé wọ́n fi sùn ò túmọ̀ sí pé ìwádìí ti fi hàn pé irin yẹn ló pa ẹni náà, FDA fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún sọ pé obìnrin tí ò bá ní ìṣòro kankan lórí ẹ̀ ò nílò láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ìṣòro, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ lọ sí kíníìkì tí wọ́n ti ṣe é, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí dókítà kọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ gbé e fún dókítà gaini, ìyẹn dókítà àwọn obìnrin, tó ti yọ irú ẹ̀ rí, ẹ bi í léèrè bẹ́ẹ̀ gan-an, "ṣé ẹ ti yọ ọ́ rí?" Kí wọ́n ṣe síkáànù tàbí èksréè láti rí ibi tí sípíríǹgì méjèèjì wà. Kí wọ́n wo fáíbírọ́ìdì náà, torí òun náà máa ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ya bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù fẹ́ máa lọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá kò ti lọ sílẹ̀ jù. Ohun méjèèjì lè wà lára èèyàn kan náà, fáíbírọ́ìdì àti sípíríǹgì, kẹ́nikẹ́ni má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ fún yín.

Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín. Tẹ́ ẹ bá wọ yẹtí tí kì í ṣe gold, ṣé etí yín máa ń wú, ṣé ó máa ń ṣomi? Tí bọ́tìnnì irin jíìnsì bá kan ikùn yín, ṣé ibẹ̀ máa ń yún yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí níkẹ́ẹ̀lì má bá ara yín mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà lọ́rọ̀ kan kẹ́ ẹ má gbàgbé.

Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n máa yọ ọ́, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ gidi ni. Àpá ti gbá a mú, wọn ò lè kàn fà á bí ẹni fa lúùpù, torí tó bá já sínú, èyí tó kù síbẹ̀ á tún máa dà yín láàmú. Wọ́n sábà máa ń yọ òun àti túùbù pa pọ̀ ni, ti àwọn míì máa ń kan ilé ọmọ. Ní ti MRI, ẹ sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ pé Essure wà lára yín. Wọ́n ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún ẹni tó wà lára ẹ̀, kò ní kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ìbéèrè: Aǹtí, ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọmọ márùn-ún, abẹ ni wọ́n fi gbé méjì tó kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ ọmọ mọ́, bàbá wọn náà ò fẹ́, ṣùgbọ́n abẹ ti sú mi. Obìnrin kan tó ní kẹ́míìsì ládùúgbò wa ní Mọ́níyà ní hóró oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù yìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, ó parí, mi ò ní lóyún mọ́ láéláé. Ó ní òyìnbó ló ṣe é, pé òun lè bá mi wá a. Ṣé kí n ṣe é? — Ìyá Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é o. Ẹ jọ̀ọ́, kódà tó bá ní ọ̀fẹ́ ni.

Kò sí hóró oògùn kankan láyé yìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi sínú ilé ọmọ láti fi dá ọmọ bíbí dúró. Kò sí. Èyí tó jọ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣàpèjúwe, tí ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú ẹ̀, oṣù kan láàárín, quinacrine ni, mo sì fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ fún yín kó lè yé yín ìdí tí mo fi ń pariwo.

Oògùn ibà ni quinacrine látilẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ogun lò, àwọn tó jà ní Bọ́ma mọ̀ ọ́n dáadáa, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni mepacrine, ó sì máa ń sọ awọ ara di yẹ́lò. Dókítà kan ní Chile tó ń jẹ́ Jaime Zipper ló wá rí i pé tí wọ́n bá fi í sínú ilé ọmọ, ó máa ń jó ara tó wà lẹ́nu túùbù, ibẹ̀ á di egbò, egbò á di àpá, àpá á dí ọ̀nà. Wọ́n ṣe é ní hóró, hóró méje lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 252 mílígíráàmù, ohun tí wọ́n fi ń ti lúùpù wọlé náà ni wọ́n fi ń tì í. Kò gba tíátà, kò gba iná NEPA, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lè ṣe é nínú yàrá, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ó yé mi dáadáa ìdí tó fi wu àwọn èèyàn, torí nílùú tí obìnrin ti ń kú sórí ìkúnlẹ̀ tí ọsibítù sì jìnnà, ẹni tó bá mú irú ẹ̀ wá á dà bí olùgbàlà ni.

Vietnam ni wọ́n ti lò ó jù. Láti 1989, láàárín ọdún díẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n obìnrin, 31,781 gan-an ni iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, Lancet, lọ́dún 1993. Iye yẹn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ìdánwò tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lára ẹranko, láti mọ̀ bóyá oògùn yìí lè fa kánsà téèyàn bá fi í sínú ilé ọmọ, wọn ò tíì ṣe é! Obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Lọ́dún 1994 WHO ní kí wọ́n dúró ná kí wọ́n ṣe ìdánwò, ìjọba Vietnam náà sì ti dá a dúró. Àwọn kan ò dúró ní tiwọn. Láti Amẹ́ríkà ni àwọn ọkùnrin méjì ti ń fi hóró tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland ránṣẹ́ sí àwọn dókítà lóríṣiríṣi ilẹ̀. Ní Íńdíà, dókítà aládàáni ń fi sí àwọn obìnrin lára, tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn, títí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n sì fòfin dè é lọ́dún 1998. Ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ Switzerland yẹn ṣíwọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdánwò lára eku gbẹ̀yìn-gbẹ́yín, àwọn eku tí wọ́n fi sí nílé ọmọ ní kókó ní ẹ̀yà ìbímọ, bí wọ́n sì ṣe ń fún wọn tó pọ̀ sí i ni kókó náà ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 2009 WHO wá sọ ọ́ gedegbe: kí wọ́n má lò ó fún ìtọ́jú, kí wọ́n má lò ó fún ìwádìí. N ò ní parọ́ fún yín, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin Chile àti Vietnam fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọn ò sì rí i kí kánsà ga kọjá bó ṣe yẹ lọ lọ́nà tó hàn gbangba, inú mi sì dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n orí ló kó wọn yọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ṣáájú kó tó fi sí wọn lára.

Kò sì tún ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí obìnrin méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ẹ̀ẹ̀mejì ní Vietnam ló lóyún. Ti abẹ tí wọ́n fi so túùbù, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́wàá, wọn ò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá wo obìnrin tó ti fọkàn balẹ̀ pé òun ti parí, tó wá lóyún nígbà tí túùbù ẹ̀ ti dí lábọ̀ọ́, oyún lè há sínú túùbù yẹn, ìyẹn sì lè pa á.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Dókítà Zipper kan náà yìí wà lára àwọn tó rí i pé kọ́pà máa ń dènà oyún, ohun tó wá di Copper T, lúùpù oníkọ́pà, lónìí nìyẹn. Wọ́n dán Copper T wò, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún un ṣe, ara àìmọye obìnrin ló sì wà lónìí. Ọpọlọ èèyàn kan náà ló ti wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan gba ìdánwò kọjá, èkejì ò gbà á kọjá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyẹn lẹ ó máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé nǹkan tuntun wá: àwọn obìnrin wo ló ti lò ó, ọdún mélòó ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn, àti pé tí mo bá fẹ́ yọ ọ́, ṣé ó ṣeé yọ?

Fún yín, Copper T ni màá kọ́kọ́ bá yín sọ. Kò sí abẹ, ọdún mẹ́wàá ló ń lò, tí wọ́n bá fi sí yín lónìí, ẹ máa pé 48 kó tó tó àkókò àtiyọ ẹ̀, ìgbà yẹn nǹkan oṣù náà ti ń múra àtilọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà, ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́. Nǹkan oṣù lè pọ̀ sí i, ikùn sì lè máa run yín láwọn oṣù àkọ́kọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kó má bà a yà yín lẹ́nu. Tẹ́ ò bá fẹ́ ìyẹn, ti apá wà, èyí tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, Jadelle nínú wọn ń lo ọdún márùn-ún. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fẹ́ kó parí pátápátá lóòótọ́, abẹ kékeré tí wọ́n fi ń so túùbù ò dà bí ti ìgbà tí wọ́n fi gbé ọmọ o, ojú ibi tí wọ́n ń là kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú nìkan ni wọ́n sì lè lò. Kẹ́ ẹ ṣáà sọ fún dókítà pé wọ́n ti fi abẹ gbé ọmọ yín lẹ́ẹ̀mejì, torí inú lè ti lẹ̀ pọ̀ níbì kan.

Obìnrin tó ní kẹ́míìsì yẹn, ẹ béèrè orúkọ oògùn náà lọ́wọ́ ẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ fún àwọn NAFDAC fúnra wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ìyá àgbà kan ní kí n po kán-ún mọ́ álọ́ọ̀mù àti àgbo kan kí n fi sí ojú ara fún ọjọ́ mẹ́ta, pé ilé ọmọ á ti. Wọ́n ní kò ní abẹ kò ní oògùn òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣe é. — Ọ̀ṣogbo

Ìdáhùn: Tẹ́ ẹ bá ti fi sí i, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Tẹ́ ò bá tíì fi sí i, ẹ dà á nù.

Kì í ṣe ilé ọmọ ló ń tì, ojú ara ló ń jó. Ibẹ̀ á bó, tó bá wá ń san, ògiri méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀nà á dí lápá kan tàbí pátápátá. Àwọn dókítà UCH n'Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa irú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ohun tí obìnrin fi sí abẹ́ nítorí fáíbírọ́ìdì, nítorí àìrọ́mọbí, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un pé ó wà nínú ẹ̀. Obìnrin ò ní lè bá ọkọ ẹ̀ sùn, nǹkan oṣù ò ní rọ́nà jáde, á máa gbára jọ sínú, ikùn á máa dùn ún lóṣooṣù. Abẹ tí wọ́n sì máa fi la ibẹ̀ padà ṣòro ju abẹ tó ń sá fún lọ fíìfíì, nígbà míì ó tún máa ń padà dí. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, kò dènà oyún dájú. Ẹ bá mi mú ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kódà tó bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun.

Ìbéèrè: Aǹtí wa, ọkùnrin ni mí o, ẹ má bínú. Ìkòròdú la wà, a ti bí mẹ́ta, ó tó wa. Mo kà lórí fóònù pé wọ́n ti ń ṣe omi kan lókè òkun tí wọ́n ń fi sí túùbù obìnrin tó máa dí i, kò sírin kò sábẹ. Ṣé ká dúró dè é? Ìyàwó mi ní kí n yé dààmú, pé kí n lọ ṣe tèmi. Ṣé ìyẹn ò ní ba nǹkan ọkùnrin mi jẹ́? — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ káàbọ̀ o, inú mi dùn pé ọkùnrin kọ̀wé, ìbéèrè yín ò sì ní kí n bínú rárá.

Omi tẹ́ ẹ kà nípa ẹ̀ yẹn, FemBloc ló ń jẹ́, Femasys ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Wọ́n á fi í sẹ́nu túùbù, á dì níbẹ̀, ara á wá hu àpá, omi tó dì yẹn á sì yọ́ kúrò nígbà tó bá yá. Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún 2025, Amẹ́ríkà ṣì ń dán an wò. Mo gbà pé kí irin má kù sára dáa ju kó kù lọ, ohun tí wọ́n kọ́ lára Essure nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti lò ó fún ogún ọdún ò tíì sí, ọjọ́ orí ẹ̀ ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà ṣáájú ẹ̀ tó ń jẹ́ Adiana, wọ́n á fi iná jó ẹnu túùbù díẹ̀, wọ́n á wá fi sílíkónì kékeré há a, FDA fọwọ́ sí i lọ́dún 2009, nígbà tó fi máa di 2012 kò sí lọ́jà mọ́. Torí náà ẹ má fi ọmọ kẹrin dúró dè é.

Tiyín gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó yín gbọ́n. Ti ọkùnrin rọrùn ju ti obìnrin lọ nínú gbogbo ohun tá a ti sọ láti òkè wá, wọn ò la ikùn, abẹ́rẹ́ kékeré ni wọ́n máa fi pa awọ ibẹ̀ kú, wọ́n á gé okùn tín-ín-rín tí àtọ̀ ń gbà, wọ́n á dì í, ẹ ó lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Agbára ọkùnrin ò gba okùn yẹn kọjá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin ń gbà, kórópọ̀n á sì máa ṣe é lọ bó ṣe ń ṣe é. Nǹkan á máa dìde bó ṣe ń dìde, omi á máa jáde bó ṣe ń jáde, kìkì pé irúgbìn ò ní sí nínú ẹ̀ mọ́, irúgbìn náà ò sì tó nǹkan nínú omi yẹn látilẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Ó lè wú díẹ̀, ó lè dùn yín fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn díẹ̀ wà tí ìrora ẹ̀ máa ń pẹ́ lára wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín sọ ọ́. Ẹ sì kà á sí ohun tí ò ní padà, torí àtitún un so ò dájú.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń gbójú fò rèé: kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Irúgbìn tó ti wà lọ́nà ṣì ń bẹ níbẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ máa ṣì fi lo kọ́ńdọ̀mù, lẹ́yìn náà kí wọ́n yẹ omi yín wò ní láàbù, ìgbà tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́ lẹ tó lè fọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè: Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 26 ni mí, oṣù méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá ọkọ mi ní ti apá àti lúùpù máa ń ti ilé ọmọ pa, pé tí mo bá ṣe é mi ò ní bímọ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́, àmọ́ ẹ má bá màmá jà, ìbẹ̀rù wọn ní orírun, gbogbo ohun tá a ti sọ lókè yìí ni ẹ̀rí pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe obìnrin níṣekúṣe rí. Èyí yàtọ̀ ni. Ti apá ò fi àpá sí túùbù, oògùn díẹ̀díẹ̀ ló ń tú jáde, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ ara ti ń padà sípò. Copper T náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó yọ ọ́ lóṣù yìí lè lóyún lóṣù tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta nìkan ló máa ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀, oyún lè pẹ́ bí oṣù mélòó kan sí ọdún kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dá a dúró, òun náà kì í ti ilé ọmọ pa.

Ẹ lè ṣe èyíkéyìí nínú ti apá tàbí Copper T báyìí bẹ́ ẹ ṣe ń fọ́mọ lọ́mú, wàrà ò ní gbẹ. Ẹ mú màmá dání lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi méjèèjì hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n béèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn lẹ́nu ara wọn. Kẹ́ ẹ sì gba káàdì tí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i àti ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ mọ́ káàdì àjẹsára ọmọ.